Fíríìjì Àlòkù àti Ọtí Tí A Pọn Nílé: Ẹ̀kọ́ Wo Ni Ó Wà Níbẹ̀ Fún Wa?

Nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, baba arúgbó tí mo gba yàrá ní ilé rẹ̀ ní ahéré kékeré kan lẹ́yìnkùlé, níbi tí ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Nínú ahéré náà ni fíríìjì àlòkù kan wà. Kò sí ẹran nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wàrà tàbí ẹyin. Garawa oníke ńlá kan ni ó wà níbẹ̀, tí ọtí bíà tí baba náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn ń hó nínú rẹ̀. Ó so àpótí kékeré kan mọ́ ara fíríìjì náà, èyí tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, nọ́ńbà pupa sì ń tàn lójú rẹ̀: 19. Ní alaalẹ́, kí ó tó lọ sùn, baba náà a lọ wo nọ́ńbà yìí, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́mọ ti í fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Mo kọ́kọ́ rò pé eré ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń béèrè ìdí rẹ̀ tí ó sì ń ṣàlàyé, ó hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ náà ju ọtí lọ. Láti ìgbà tí mo ti padà sí ilé ni mo ti ń rò ó, pàápàá ní òru tí iná bá lọ tí gbogbo fíríìjì àdúgbò sì dákẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí àwa òǹkàwé ìwé yìí, àti ní pàtàkì àwọn olùkọ́ tí ó wà láàrin wa, jọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí òfin bẹ̀rẹ̀. Títí di ọdún 1963, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, gẹ́gẹ́ bí òfin owó ìlú ti ọdún 1880 ti là á sílẹ̀. Reginald Maudling, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná wọn ní ọdún 1963, ni ó fagi lé ìwé àṣẹ náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ dópin ní ọdún 1933, ṣùgbọ́n àǹfààní tí a fún ẹni tí ń ṣe wáìnì nílé kò kan ẹni tí ń pọn bíà. Ó di oṣù October ọdún 1978 kí Ààrẹ Jimmy Carter tó fọwọ́ sí òfin tí ó yọ̀ǹda rẹ̀: gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún fún ilé tí ó ní àgbàlagbà kan, 200 fún ilé tí ó ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Mississippi àti Alabama kò gbà á láyè títí di ọdún 2013.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ìkòkò ọtí ní àṣẹ lórí owó. Ní ilẹ̀ Natal ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ọdún 1908 fún àwọn ìjọba ìlú ní agbára láti jẹ́ àwọn nìkan ṣoṣo ni yóò máa pọn ọtí ọkà bàbà tí wọn yóò sì máa tà á fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìlú Durban ń fi èrè ọtí náà ṣe àkóso àwọn tí ń mu ún, ọlọ́pàá sì ń da ọtí àwọn obìnrin tí ó pọn tiwọn nù. Ní oṣù June ọdún 1959, àwọn obìnrin Cato Manor dìde sí àwọn ilé ọtí ìjọba náà. Ní ilẹ̀ tiwa, ìjọba amúnisìn pe ògógóró ní ọtí tí òfin kò gbà, nígbà tí jíìnì òkèèrè ń gba ẹnubodè wọlé tí owó rẹ̀ sì ń kún àpò ìjọba. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé ohun tí ọwọ́ wa ṣe kò dára tó, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ pé kí ni òun ní lórí àtẹ láti tà.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ni ó ń pọn ọtí. Bí a bá tú ènìyàn sílẹ̀ láti pọn bíà, tí kò sì mọ ìwà ohun tí ó wà nínú ìkòkò, ọtí kíkorò ni yóò mu. Ohun tí ó sọ omi ọkà di ọtí ni ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ó ń jẹ ṣúgà tí ó wà nínú omi ọkà náà, ó sì ń mú nǹkan mẹ́ta jáde: ọtí, afẹ́fẹ́ tí ń mú un hó, àti ooru. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ìwúkàrà bá ń ṣiṣẹ́ gidigidi, ọtí inú garawa lè fi ìwọ̀n mẹ́ta sí márùn-ún ti Celsius gbóná ju yàrá tí ó wà lọ. Yàrá tí ó wà ní ìwọ̀n 28 yóò sì sọ ọtí di ìwọ̀n 31 tàbí 33.

Kí ni ó burú nínú ìyẹn? Bí òtútù bá pọ̀ jù, ìwúkàrà yóò sùn, ṣúgà yóò sì kù sílẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, yóò sáré, ní ìsáré rẹ̀ yóò sì tú àwọn èròjà tí a kò fẹ́ sínú ọtí. Òmíràn nínú wọn ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù, òmíràn sì ń ta ọ̀nà ọ̀fun bí ẹ̀mu tí a ti sè di ọtí líle. Àwọn àgbà wa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwúkàrà tí ó wọ́pọ̀ fún bíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ale fẹ́ ìwọ̀n 18 sí 22. Ti lager, irú bíà aláwọ̀ wúrà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilé ọtí wa, fẹ́ ìwọ̀n bí 8 sí 13.

Àwọn ará Jámánì ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó rí ìwúkàrà. Ní ọdún 1553, olórí ilẹ̀ Bavaria pàṣẹ pé kí a máa pọn bíà láti ọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́ ní ìparí September títí di ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ní oṣù April nìkan, nítorí pé ọtí ìgbà ooru a máa bàjẹ́. Ojú ọjọ́ ni ó jẹ́ ọ̀gá. Ní àwọn ọdún 1870 ni Carl von Linde ṣe ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tutù fún àwọn apọntí Munich, láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni fíríìjì ilé wa ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1876, Louis Pasteur tẹ ìwé kan jáde lórí bíà. Ogun tí Jámánì fi ṣẹ́gun Faransé ní 1870 sí 1871 ń dùn ún, ó sì fẹ́ kí bíà ilẹ̀ rẹ̀ lè bá ti Jámánì figagbága. Ní ọdún 1883, Emil Christian Hansen ya ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen, ilé-iṣẹ́ náà sì fi í fún àwọn apọntí mìíràn láìgba owó. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣirò agbára, ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọmọ apọntí Salford ni James Joule, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n agbára. Ó jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti ń ka ìwọ̀n ooru láìṣìnà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ahéré baba arúgbó náà. Fíríìjì lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. A ṣe é láti mú oúnjẹ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4, ìwúkàrà ale yóò sì sùn níbẹ̀. Ohun tí baba náà ṣe ni pé ó ra àpótí adarí kékeré, ó ki wáyà fíríìjì bọ inú rẹ̀, ó sì ki àpótí náà bọ inú iná ilé. Láti ìgbà náà, kì í ṣe fíríìjì ni ó ń pinnu ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ọtí bá kọjá ìwọ̀n 19 díẹ̀, àpótí náà yóò fún fíríìjì ní iná. Bí ó bá padà sí 19, yóò gé e. Ní ìgbà òtútù, ihò kejì tí ó wà lára àpótí náà ń fún ìgbànú kan tí ń mú ooru wá ní iná, kí ọtí má bàa tutù jù. Bọ́tìnì inú fíríìjì fúnra rẹ̀ ni ó yí sí ibi tí ó tutù jù lọ, kí ó má bàa dá iṣẹ́ dúró kí àpótí náà tó pàṣẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ibi tí a fi ojú àpótí náà sí, ìyẹn irin tín-ín-rín orí wáyà tí ń mọ ooru. Bí a bá fi í kọ́ sínú afẹ́fẹ́ fíríìjì, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọ̀n. Afẹ́fẹ́ a máa tutù kíákíá, ọtí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yóò wí pé 19 nígbà tí ọtí ṣì wà ní 23. Nítorí náà ni baba náà fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ garawa, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọtí dé, tí ó sì fi fóòmù nípọn bò ó kí afẹ́fẹ́ má bàa kàn án. Ìṣirò rẹ̀ kò le: lítà omi 20 yóò pàdánù kílójúùlù 84 kí ó tó fi ìwọ̀n kan ṣoṣo tutù, bíà kò sì yàtọ̀ sí omi púpọ̀. Ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í yára gbọ́ràn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò máa fi òtútù lé e títí yóò fi kọjá ibi tí a fẹ́.

Ó tún ku àwọn nǹkan díẹ̀. A gbọ́dọ̀ sọ fún àpótí náà pé kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó tó tún tan fíríìjì lẹ́yìn tí ó bá ti pa á, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì nínú fíríìjì yóò bàjẹ́ bí a bá ń tàn án pa á láìsinmi. A kò gbọdọ̀ dá ihò sí ògiri fíríìjì láìmọ ibi tí páìpù gáàsì gbà, nítorí pé gáàsì ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní a máa gbiná. Ilẹ̀ tí ó tutù, wáyà tí ó ya, àti ọwọ́ tí omi wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé. Nígbà tí ọtí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tán, baba náà a gbé nọ́ńbà sókè ní ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, kí ìwúkàrà lè jẹ èròjà kan tí ń rùn bí bọ́tà tán. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mú un sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 2, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè silẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Nàìjíríà fi lager bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíà ńlá: ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1946 mú ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1949. Bíà ìgbà òtútù Bavaria ni a gbé wá sí etí òkun Èkó, níbi tí ìwọ̀n 13 kò sí ní oṣù kankan nínú ọdún. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi iná ra òtútù. Nígbà tí ó di ọdún 1988, ìjọba ka ọkà báálì tí a ti mú hù láti òkèèrè léèwọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wí pé bíà kò ṣeé fi ọkà bàbà pọn, ṣùgbọ́n a pọn ọ́n, a sì mu ún. Àbùkù kan ni ó wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: púpọ̀ nínú àwọn èròjà tí ń sọ ọkà bàbà tútù di ṣúgà, òkèèrè ni a ti ń rà wọ́n wá. A lé ọkà àlejò jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú, a sì ń gba èròjà àlejò wọlé ní ẹ̀yìnkùlé. Òfin lè fi agbára mú wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nìkan ni ó lè mú wa parí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń pọn bùrùkùtù àti pító ní àríwá ilẹ̀ wa, àwọn tí ń pọn dolo ní Burkina Faso, àti àwọn tí ń pọn pító ní àríwá Ghana kò wá fíríìjì. Ìwúkàrà tí wọ́n ń lò ń ṣiṣẹ́ nínú ooru bí ìwọ̀n 30 láìráhùn, nítorí pé láti ọdúnmọ́dún ni wọ́n ti ń mú u láti inú ọtí àná sínú ọtí òní. Àwọn mìíràn ń ri okùn tí a hun bọ inú ọtí tí ń hó, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ọtí náà ń kan díẹ̀ lẹ́nu, a sì ń mu ún láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó bàjẹ́. Ní ilẹ̀ Norway, àwọn àgbẹ̀ tọ́jú irú ìwúkàrà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kveik, tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìwọ̀n 30 sí 40. Lónìí, àwọn tí ń pọn bíà nílé ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi owó rà á nínú páálí, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ wàhálà fíríìjì. Ohun tí àwọn ìyá wa ń so mọ́ okùn náà kò sí nínú páálí ẹnikẹ́ni, bí a kò bá sì ṣọ́ra, ẹlòmíràn ni yóò wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ọ̀nà méjì ni ó wà, nígbà náà. Ẹnìkan lè yí ojú ọjọ́ padà kí ó lè bá ìwúkàrà mu. Ẹlòmíràn lè yan ìwúkàrà tí ó bá ojú ọjọ́ mu. N kò wí pé kí a kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, nítorí pé adùn lager kò sí nínú pító. Ohun tí mo ń wí ni pé orílẹ̀-èdè tí ó bá mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ọ̀nà náà sì gba orí wáyà iná kọjá, wà ní abẹ́ àṣẹ wáyà náà.

Ẹ wo bí wáyà náà ti rí. Ní oṣù April ọdún 2024, a gbé owó iná àwọn tí à ń pè ní ẹgbẹ́ A sókè sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Bí fíríìjì àlòkù bá jẹ kílówáàtì-wákàtí kan lójúmọ́, ọtí ọjọ́ 14 yóò jẹ iná náírà 3,150 ní iye ìgbà náà, kí a tó ka owó ọkà. Ní ọdún kan náà, ètò iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Garawa lítà 20 tí ó ti tutù lè fara da wákàtí díẹ̀ láìsí iná. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ìkókó gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 2 àti 8 ní gbogbo ìgbà, ìgò rẹ̀ sì kéré ju ìka lọ. Bí ọtí bá bàjẹ́, a ó dà á nù. Bí abẹ́rẹ́ bá bàjẹ́, kì í rùn, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà, a ó sì gún un fún ọmọ. Ìmọ̀ kan náà ni ó ń ṣọ́ méjèèjì: kí a mọ nọ́ńbà tí a fẹ́, kí a wọ̀n ọ́n ní ibi tí ó yẹ, kí a sì ní ohun tí yóò gbọ́ràn nígbà tí a bá pàṣẹ.

Àwọn fíríìjì àlòkù kò wọ́n wa. Ghana ti fi òfin dí ọ̀nà wọn láti ọdún 2013, nítorí iná tí wọ́n ń jẹ. Èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa pọ̀ tó láti fi kọ́ni. Mo fẹ́ kí ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kí ó sì so àpótí adarí mọ́ ọn. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ọtí. Omi ni kí wọ́n fi sínú garawa bí ìlànà ilé-ìwé kò bá gba ọtí, tàbí kí wọ́n po ìyẹ̀fun búrẹ́dì kí wọ́n sì wo bí yóò ti wú ní ìwọ̀n 10, ní 20 àti ní 30. Mo fẹ́ kí ilé ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, àti àwọn yunifásítì wa, kó ìwúkàrà bùrùkùtù àti pító jọ, kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Hansen ti ṣe, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú tí a ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí i lára.

Baba arúgbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò kàwé púpọ̀. Kò ṣe fíríìjì, kò sì ṣe àpótí adarí. Ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí nọ́ńbà náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ 19, bí ó bá sì di 21, ó mọ ohun tí yóò ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ bá mọ irú èyí kò ní pẹ́ béèrè ìdí tí àwọn tí ń ṣàkóso iná kò fi lè mú nọ́ńbà tiwọn dúró.